Ààlà Èèrà Pupa

Ẹ̀yin ará wa ní Toronto, ní Brampton, ní Mississauga, títí dé Ajax àti Oshawa, ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nínú yìnyín yìí, ẹ rọra, ilé ò ní sá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti délé, ẹ fa àga súnmọ́ híítà. Ọ̀rọ̀ èèrà ni mo gbé wá lónìí, èèrà inú igbó ilé wa, èyí tó pupa, tó ń gbé orí igi, tó ń fi ewé tútù kọ́lé.

Máńgòrò ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra mẹ́rin ní ìsọ̀ kan nítòsí Jane àti Finch. Mo délé, mo ń fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo wá rí bébà róbótó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára: Kent lorúkọ máńgòrò náà, orílẹ̀-èdè Peru ló ti wá. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Èèpo rẹ̀ ń dán, kò sí ojú ihò kan lára rẹ̀. Mo rántí pé irú Kent yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ní agbègbè Parakou lórílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí àwọn ọlọ́jà Yorùbá pọ̀ sí. Ní Parakou, èèrà pupa wa wà lórí igi máńgòrò. Ní Peru, kò sí i. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú ní Peru, òjò ń rọ̀ níbẹ̀, igbó wọn kì í ṣe kékeré, ewé ò sì wọ́n wọn. Kí ló dé tí èèrà pupa ò fi sí níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn, òun náà ni mo gbé jí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹni tí mò ń sọ hàn yín, nítorí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín lè rò pé èèrà kéékèèké inú ṣúgà ni mo ní lọ́kàn. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe ìjàlọ tó ń wọ́ kọjá lójú ọ̀nà, tó ń lé eku àti aáyán jáde nínú ilé. Kì í sì í ṣe tanpépé. Eléyìí gùn ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ tóbi. Tí ẹ bá na ọwọ́ sí i, kò ní sá. Á gbé ìdí sókè, á la ẹnu, á dúró dè yín. Oecophylla longinoda ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú Oecophylla, ilé àti ewé ló túmọ̀ sí. Latreille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fún un ní orúkọ longinoda ní 1802. Nílé tiwa, èèrà pupa orí igi là ń pè é, ó parí.

Bàbá mi àgbà ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Igi obì àbàtà kan wà láàárín oko náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí mo gùn ún, tí mo di ẹ̀ka kan mú láìwòye, tí mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilé wọn fọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wọ ọrùn ẹ̀wù mi, wọ́n ti wọ etí mi. Èèrà yìí kì í fi ìdí ta ni bí agbọ́n. Ẹnu ló fi ń gé awọ, kì í sì í tú u. Á wá ká ìdí síwájú, á tu omi oró sójú ibi tó gé. Òórùn omi náà ń ta ni nímú. Mo já bọ́ sórí ewé kòkó gbígbẹ. Bàbá àgbà jókòó tì mí, wọ́n ń ṣà wọ́n lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á já lọ́rùn, orí rẹ̀ á ṣì há mọ́ mi lára. Wọ́n ní, "Ilé onílé lo wọ̀ láìkágò. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi kan ti ń wá ìṣáná, ó fẹ́ lọ sun ilé èèrà náà. Bàbá àgbà kọ̀. Wọ́n ní igi tí èèrà yẹn bá wà lórí rẹ̀, igi náà ń so. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí nígbà yẹn tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n láti ibi tí ọwọ́ wọn ò ti lè tó mi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Èèrà kan á dúró létí ewé kan, á fi ẹnu di ewé kejì mú, á máa fà á. Tí ewé náà bá ti ń tẹ̀, àwọn mìíràn á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ máa fà á bí àwọn apẹja ṣe ń fa àwọ̀n wá sí èbúté. Tí àlàfo ewé méjèèjì bá fẹ̀ ju ara èèrà kan lọ, ọ̀kan á di ìbàdí ìkejì mú, ẹ̀kẹta á di ti ìyẹn mú, wọ́n á so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n títí ẹni iwájú á fi kan ewé lọ́hùn-ún. Nígbà tí etí ewé bá ti pàdé, àwọn kan á sáré padà sínú ilé àtijọ́ lọ gbé ìdin wá, ọmọ wọn tí kò tíì ní ẹsẹ̀, tí kò tíì ní ojú. Wọ́n á fi ẹnu gbé e, wọ́n á fi orí rẹ̀ kan ewé ọ̀tún. Okùn funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ á yọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ kan ewé òsì. Wọ́n á tún gbé e padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn rí, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ yẹn ni ọkọ̀ ìhunṣọ wọn. Ọmọ ọ̀pọ̀ èèrà mìíràn máa ń fi okùn yìí hun àpò tí yóò sùn sí kó tó dàgbà. Ọmọ èèrà pupa kì í hun nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ilé gbogbo ará ilé ló ń fi okùn rẹ̀ hun, òun á sì dàgbà ní ìhòòhò.

Ilé kan ṣoṣo kọ́ ni o. Ìlú èèrà pupa kan, tó jẹ́ ọmọ ìyá kan ṣoṣo, lè ní irú ilé ewé bẹ́ẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, lórí igi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèrà inú rẹ̀ sì tó 500,000. Inú ọ̀kan péré nínú àwọn ilé náà ni ìyá wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbé ẹyin rẹ̀ káàkiri lọ sí àwọn ilé tó kù.

Ó yá, níbo ni wọ́n wà? Ẹ fi ojú inú wo Áfíríkà. Láti Senegal àti Gambia, ó gba Ghana, Tógò, Benin, ilẹ̀ wa, Kamẹrúùnù, ó la igbó Kóńgò kọjá dé etíkun Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mòsáḿbíìkì. Ibi tí ewé igi kan bá ti ń kan ewé èkejì, tó sì móoru láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ẹ lè bá a níbẹ̀. Ó wọ ilẹ̀ ọ̀dàn pàápàá, bó bá ti rí igi máńgòrò tàbí igbó etí odò. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé wà ní Éṣíà, Oecophylla smaragdina: láti Íńdíà àti Sri Lanka, ó gba Táíláǹdì àti Indonesia dé àríwá Ọsirélíà. Ilẹ̀ gbígbẹ Arébíà àti òkun ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹni tó bá wo ti Éṣíà yẹn dáadáa yóò rí i pé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Ọsirélíà, ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ní Táíláǹdì, ó pupa. Ní 2006, àwọn onímọ̀ tó yẹ ohun àjogúnbá inú ara wọn wò pín wọn sí ìdílé 7, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀: erékùṣù Sulawesi dá ní tirẹ̀, Philippines dá ní tirẹ̀, New Guinea àti Ọsirélíà jọ jẹ́ ọ̀kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá a gbé náà yàtọ̀. Ní Táíláǹdì, wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ tà lọ́jà, oúnjẹ gidi ni. Ní ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti iyọ̀, ìjọba sì fún ọbẹ̀ náà ní àmì ìdánimọ̀ ti agbègbè ní 2024. Ìwé Ṣáínà kan tí wọ́n ní ọdún 304 ni wọ́n kọ ọ́ sọ pé àwọn ará gúúsù ń ra ilé èèrà yìí nínú àpò lọ́jà, wọ́n ń so ó kọ́ sórí igi ọsàn kí kòkòrò má baà ba èso jẹ́.

Ti Áfíríkà tiwa náà ń yí àwọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Èyí tó gé mi jẹ lọ́nà Ìdànrè pupa bí epo tó dì. Àwọn mìíràn pupa rúsúrúsú, àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Nígbà àtijọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó sí mùsíọ́ọ̀mù ní Yúróòpù, tí wọ́n ń gba òkú èèrà nínú ìgò, máa ń fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ bí ẹni pé ìran ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n ka gbogbo wọn sí longinoda kan ṣoṣo. Ní tèmi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Àwọ̀ nìkan ò tó ẹ̀rí láti fi ya ọmọ ìyá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ààlà. Bàbá àgbà kọ́ mi pé pérégún ni àgbẹ̀ fi ń pààlà; ibi tí o bá ti rí i, dúró, oko ẹlòmíràn ló kàn. Èèrà ò gbin pérégún, àmọ́ ó ní ààlà, ó tiẹ̀ ní ju ẹyọ kan lọ.

Òtútù ni àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó yé ju àwa tó wà ní Toronto lọ. Èèrà tó ń gbé inú ewé tútù ò lè gbé ibi tí igi ti ń já ewé sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Àwọn èèrà dúdú ńlá ti ibí yìí, àwọn tó ń gbẹ́ inú igi tó ti ń jẹrà ní High Park, inú igi náà ni wọ́n wà báyìí, wọ́n dì mọ́ra, ara wọn ti ṣe omi kan tí kò jẹ́ kí wọ́n di yìnyín. Èèrà pupa wa ò mọ irú iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí ààlà òtútù wà lónìí kọ́ ló wà látijọ́. Ní Messel ní Jámánì, kòtò kan wà tí òkúta rẹ̀ ti wà láti bíi mílíọ̀nù 47 ọdún sẹ́yìn. Nínú òkúta náà ni wọ́n ti rí ẹbí èèrà pupa yìí, Oecophylla gan-an, ìyẹ́ ayaba wọn hàn kedere. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní erékùṣù Wight létíkun Ìlú Ọba. Ẹ gbọ́ ná, Ìlú Ọba! Nígbà yẹn ayé gbóná, ọ̀nì ń gbé inú adágún Jámánì, igbó sì bo ilẹ̀. Kánádà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa ayaba èèrà ńlá kan tó gan mọ́ òkúta nítòsí ìlú Princeton ní British Columbia, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Titanomyrma ni wọ́n ń pe ìran náà. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n rí ní Wyoming ní Amẹ́ríkà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó tóbi tó ẹyẹ kékeré. Irú èèrà ńlá bẹ́ẹ̀ gbé ní Kánádà rí.

Ààlà kejì ni aládùúgbò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó bá wo máàpù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún yín yóò rò pé èèrà pupa kún gbogbo igbó láti Senegal dé Mòsáḿbíìkì láìku igi kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ inú oko kòkó kan ṣoṣo, wàá rí i pé ìlú ìlú ni wọ́n pín in. Ní 1977, Brian Taylor, tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí kòkó ilẹ̀ wa, kọ̀wé lórí bí èèrà ṣe pín igi kòkó àti àwọn igi mìíràn láàárín ara wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Dennis Leston ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ghana ṣáájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn èèrà kan wà tó jẹ́ olórí: tí ọ̀kan bá ti gba igi, èkejì ò ní gbé ibẹ̀. Igi mẹ́rin wọ̀nyí ti èèrà pupa ni. Igi mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ti Crematogaster, èèrà dúdú tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tó máa ń gbé ìdí náà lé ẹ̀yìn bí ẹni gbẹ́rù. Lẹ́yìn yẹn, ti Tetramorium kan tó ń lẹ ilé rẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé. Àwọn èèrà kéékèèké tí kò lágbára á wá máa gba àárín wọn kọjá bí àlejò.

Ẹ má rò pé ohun tí kò kan àgbẹ̀ nìyẹn. Igi tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Crematogaster lè wà nínú ewu, nítorí wọ́n ń sin kòkòrò funfun kan bí ẹni sin ẹran, wọ́n á kọ́ àtíbàbà lé e lórí, wọ́n á máa lá omi dídùn ara rẹ̀. Kòkòrò yẹn ló sì ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú láti igi dé igi. Igi tó bọ́ sọ́wọ́ èèrà pupa, àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara èso kòkó kì í fi bẹ́ẹ̀ lè jókòó lórí rẹ̀, wọ́n á ti pa wọ́n jẹ. Èèrà pupa náà ń sin àwọn kòkòrò tirẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ ohun tí bàbá àgbà rí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ààlà wọn dé? Ní ọdún 1977 kan náà, àwọn onímọ̀ méjì, Bert Hölldobler àti Edward Wilson, kọ̀wé lórí èèrà pupa Áfíríkà. Wọ́n ní tí ó bá dé ilẹ̀ tuntun, á máa yàgbẹ́ sílẹ̀ ní kíkán-kíkán káàkiri, òórùn ìgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Èèrà ìlú mìíràn tó bá tẹ ibẹ̀ á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ti ré kọjá ààlà. Nígbà tó yá, Hölldobler rí ohun mìíràn lára ti Ọsirélíà: létí ààlà, wọ́n kọ́ àwọn ilé kéékèèké kan tí kò sí ọmọ nínú wọn. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni àwọn tó ti dàgbà jù. Obìnrin ni gbogbo òṣìṣẹ́ èèrà. Nígbà tí wọ́n bá wà ní ọ̀dọ́, inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n bá ti darúgbó, wọ́n á kó lọ sí ẹnubodè. Nígbà tí ogun bá dé, àwọn ìyá àgbà ló ń kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà lélẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Aládùúgbò mìíràn tún wà tó ń pa ààlà fún un láti ilẹ̀. Ní Zanzibar, ní àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kan, Michael Way, wo ọ̀rọ̀ àgbọn tó ń já ní kékeré. Kòkòrò kan ló ń gún èso náà. Níbi tí èèrà pupa bá ti jẹ gàba lórí ọ̀pẹ àgbọn, àgbọn ń so dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí èèrà kékeré olórí ńlá kan, Pheidole, bá ti gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀, á máa gun igi lọ bá èèrà pupa jà, á lé e kúrò, kò sì ní ṣe iṣẹ́ tí ẹni tó lé ń ṣe. Ọ̀pẹ méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oòrùn kan náà, òjò kan náà, kí ọ̀kan so kí èkejì má so, nítorí èèrà tó ni ìdí rẹ̀.

Ibí ni mo ti padà sórí máńgòrò. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún 2005, àwọn onímọ̀ kan, Paul Van Mele àti Jean-François Vayssières wà lára wọn, ń lọ sí oko máńgòrò mẹ́fà ní agbègbè Parakou, wọ́n ń yẹ èso wò bóyá eṣinṣin èso ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Níbi tí èèrà pupa ti pọ̀, bíi èso 1 nínú ọgọ́rùn-ún ló bàjẹ́. Níbi tí kò ti sí rárá, 24 ni. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún un ṣe lórí Kent, Eldon àti Gouverneur, ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Kì í ṣe pé èèrà ń pa eṣinṣin yẹn tán. Òórùn tó fi sílẹ̀ lára èso nìkan tó láti lé eṣinṣin lọ; á bà sórí èso náà, á gbóòórùn rẹ̀, á fò lọ. Òórùn èèrà yẹn ló ń ṣọ́ èso fún àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dùn mí nígbà tí mo bá ronú kan oko tiwa. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà ti lọ, a fín oògùn. Ọdún dé ọdún ni a ń fín in, ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni. Oògùn náà pa kòkòrò tó ń fa omi kòkó, ó sì pa èèrà pupa pẹ̀lú. Kòkòrò náà padà wá lọ́dún kejì. Ìlú èèrà tí ìyá rẹ̀ ti kú ò lè padà wá bẹ́ẹ̀. A óò dúró de ayaba tuntun kan tó fò wá, tó bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀, tó fara pamọ́ sábẹ́ ewé kan, tó bí díẹ̀díẹ̀ títí á fi kún igi.

Ìdáhùn ìbéèrè Peru náà wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ẹ wo èèrà kékeré aláwọ̀ oyin tó ń yọ ní ilé ìdáná àwọn ilé gíga ní ìlú yìí, tó ń tọ ẹ̀gbẹ́ páìpù omi gbígbóná jáde lẹ́yìn sítóòfù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Scarborough pè mí lórí rẹ̀. Ó ti fín in lẹ́ẹ̀mẹta, ó kàn ń pọ̀ sí i ni. Monomorium pharaonis ni orúkọ rẹ̀, Linnaeus ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1758, ọmọ ilẹ̀ olóoru lòun náà. Ó ń gbé ní Toronto láàárín oṣù kìíní nítorí pé ìyá pọ̀ nínú ìlú rẹ̀. Tí o bá dà á láàmú, á pín sí méjì, sí mẹ́ta, ìdílé kọ̀ọ̀kan á gbé ìyá kan dání, wọ́n á wọ inú ògiri mìíràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn nínú páálí ẹrù kan tó láti dá ìlú tuntun sílẹ̀. Báyìí ló ṣe gba inú ọkọ̀ ojú omi dé ibi gbogbo láyé. Oògùn tó ń tú u ká ni ọ̀rẹ́ mi ń fín. Ìjẹ tí òṣìṣẹ́ á gbé lọ fún àwọn ìyá ló ń ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ní ti èèrà pupa, ìyá kan ṣoṣo, nínú ewé kan ṣoṣo, lókè igi. Já ewé mìíràn bó ṣe wù ọ́, gbé e kọjá òkun, ọmọ aláìníyàá lásán lo gbé. Òkun Àtìláńtíìkì ni pérégún rẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn.

Igbó Peru náà ò sì ṣófo dè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Toronto níhìn-ín, Megan Frederickson, tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ èèrà Amasọ́nì. Kó tó dé ibí ló ti ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005. Nínú igbó Peru, a máa ń rí àwọn ibì kan tí igi ẹyọ oríṣi kan ṣoṣo hù sí, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé iwin inú igbó ló ni ín. Frederickson gbin ọmọ igi kédà sínú irú ibẹ̀. Èèrà kékeré kan, Myrmelachista schumanni, jáde wá, ó gé ewé igi àlejò náà, ó tu omi oró sí i, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ewé ti ń kú. Àwọn igi tí èèrà náà ń gbé inú rẹ̀ nìkan ló ń dá sí. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọgbà náà ní igi 328, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ó ti tó ọdún 807. Onílé wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe bọ̀dá mi tó ń mójú tó oko bàbá àgbà báyìí. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèrà pupa ṣì wà lórí igi obì yẹn?" Wọ́n ní àwọn ò fín oògùn dé apá ibẹ̀ mọ́ láti ọdún mélòó kan, kí n dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú ewé gbígbẹ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ fi ọ̀pá kan ilé wọn. Gbọ́." Mo pa rédíò, mo ti fèrèsé, mo fi fóònù mọ́ etí. Níwọ̀n bí ọ̀pá ṣe kan ewé náà, ohùn kan dìde, ṣa-a-a-a, bí òjò wẹ́wẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni, wọ́n ń sáré lórí ewé. Bọ̀dá pariwo, ọ̀kan ti gé wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó wá láti Oǹdó, láti Ilé-Olújì, láti Ìpetu, láti Gambari, láti Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ilé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiyín, àwọ̀ rẹ̀, àti igi tó wà lórí rẹ̀. Ẹ pè wá sórí ètò yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti ra ìwé tí mo máa kọ gbogbo rẹ̀ sí.